Trákì Ló Ń Jẹ Agbára Sípíkà

Ọjọ́rú, alẹ́.

Ohun tó gba ọkàn mi lónìí ni ìbéèrè tí àwọn tó ń dá ṣeré kì í yéé béèrè: sípíkà oníwáàtì mélòó ló tó mi? Ẹni tó ń fọn sasofóònù, onífayolíìnì, onígìtá tí kò ní ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn ju trákì inú fóònù lọ (orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti fi ṣe ẹgbẹ́ fún un), wáàtì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń wò. Èmi ò ní fi wáàtì bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò ọwọ́ olórin kì í gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ sípíkà. Trákì ló ń jẹ ẹ́. Trákì tó wúwo jù nínú àkójọ yín ni kí ẹ fi wọn sípíkà, ẹ má fi fèrè wọ̀n ọ́n.

Nóòtì tó rẹlẹ̀ jù lórí sasofóònù alto wà ní nǹkan bí 139 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe rẹlẹ̀ tó). Ti fayolíìnì jẹ́ 196 Hz, ti gìtá jẹ́ 82 Hz. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ àti béèsì inú trákì lè sọ̀kalẹ̀ dé 40 Hz, ibẹ̀ sì ni sípíkà kékeré ti ń jìyà. Kó tó lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, páálí roboto tó ń mì níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síwájú sẹ́yìn gan-an. Bó bá ti fẹ́ kọjá ààlà, límítà inú ẹ̀rọ náà á fa ohùn sẹ́yìn kó má bàa bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré, límítà yìí kì í fa béèsì nìkan, gbogbo ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde ló ń fà, fèrè náà ò gbẹ́yìn. Gbì, ìlù dún, ohùn fèrè dínkù. Gbì, ó tún dínkù. Olórin á wá máa bá máìkì rẹ̀ jà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ di nóòtì kan mú gbọọrọ láìsí trákì, kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹ wá tan trákì sókè dé ibi tí ẹ máa ń gbé e dé lóde eré, kí ẹ tún di nóòtì yẹn mú. Bó bá ń lọ sókè sódò bí ìlù ṣe ń dún, límítà ni. Ẹ má tíì sáré lọ ra sípíkà míì. Ẹ gbé trákì náà sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ẹ lo High-Pass Filter (asẹ́ tó ń gé ohùn tó rẹlẹ̀ dànù) ní 80 Hz, 24 dB fún octave kan (bó ṣe ń gé e le tó nìyẹn; dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún sókè tó), kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní fáìlì WAV. Ohun tí ẹ gé kúrò yẹn, sípíkà oníńṣì mẹ́fà (ìbú páálí roboto rẹ̀ nìyẹn) ò lè fi bẹ́ẹ̀ gbé e jáde tẹ́lẹ̀. Agbára tó ń fi jà lórí rẹ̀ á wá di ti fèrè. Lójú ọ̀nà máìkì, ẹ gé ìsàlẹ̀ 100 Hz dànù fún alto tàbí fayolíìnì. Kò sí orin níbẹ̀. Atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ tó ń kọ lu stáǹdì ló wà níbẹ̀.

Ní ti wáàtì fúnra rẹ̀: bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 3 dB péré lẹ máa rí gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni etí máa ń fẹ́ tó 10 dB kó tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì. Wáàtì 1000 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí tí wọ́n fi di sípíkà, ti ìṣẹ́jú àáyá kékeré ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe èyí tí sípíkà lè gbé fún odidi wákàtí. Max SPL ni kí ẹ wá, ìyẹn bí sípíkà ṣe lè dún sókè tó, ní dB. Ṣùgbọ́n mítà kan síwájú sípíkà ni wọ́n ti máa ń ṣírò ìyẹn náà. Ní gbangba, bí ọ̀nà bá ti di ìlọ́po méjì, 6 dB á lọ: 115 dB ní mítà 1 á di 97 ní mítà 8, á sì di 91 ní mítà 16. Nínú yàrá, ògiri á dá díẹ̀ padà fún yín.

Fún àwọn èèyàn bí àádọ́ta tó jókòó nínú ilé, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, sípíkà alábátìrì oníńṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Bose S1 Pro jẹ́ oníńṣì mẹ́fà, nǹkan bíi kg 7. JBL EON One Compact jẹ́ oníńṣì mẹ́jọ, kg 8, bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ kí ẹ fi òmíràn sí i. Tèmi ni pé bátìrì tó ṣeé yọ sàn ju bátìrì tí wọ́n ní ó máa ń lo wákàtí púpọ̀ lọ. Wákàtí mọ́kànlá tàbí méjìlá tí wọ́n ń kọ, fún ìró tó wà níwọ̀nba ni. Pẹ̀lú trákì tó wúwo, ẹ fi ìdajì ṣe ìṣirò. Bó bá jẹ́ pé ijó ni wọ́n fẹ́ jó ní gbangba, ẹ fi àwọn kékeré yìí sílẹ̀, ẹ wá oníńṣì mẹ́wàá sí méjìlá tàbí sípíkà olópòó tó ní béèsì tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Wáyà ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí ó kéré lójú, bẹ́ẹ̀ ló sì lè ba odidi eré jẹ́. Jáàkì 3.5 mm tó ń ti ara fóònù jáde ní ojú irin mẹ́ta: orí rẹ̀ ń gbé apá òsì, òrùka àárín ń gbé apá ọ̀tún, ìdí ni ti ilẹ̀ (ground). Ọ̀pọ̀ ihò 6.35 mm lára míkísà jẹ́ balanced, ìyẹn ni pé ojú méjì ló fi ń gba ohùn kan ṣoṣo kí ariwo wáyà lè kúrò. Irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń yọ ohun tó wà lórí òrùka kúrò nínú ohun tó wà lórí orí. Bí ẹ bá wá fi wáyà olójú mẹ́ta kan ṣoṣo so fóònù mọ́ ọn, gbogbo ohun tó bára mu lápá òsì àti ọ̀tún á pa ara wọn rẹ́. Béèsì lọ, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ohun tó kù ni dùùrù tó jìnnà réré bí ẹni pé inú kànga ló wà. Bí trákì náà bá jẹ́ mono, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní sípíkà ti kú.

Wáyà tó yẹ ni èyí tó ní 3.5 mm stereo lápá kan, tó wá pín sí jáàkì 6.35 mm méjì olójú méjì lápá kejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ihò tirẹ̀. Bí ihò kan ṣoṣo ló kù, ẹ lọ sí Accessibility lórí fóònù, ẹ tan Mono audio, kí ẹ so ẹsẹ̀ kan, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ láìjẹ́ kó kan irin. Ẹ má fi jáàkì so òsì àti ọ̀tún pọ̀ sí ojú kan. Ẹ̀rọ méjèèjì inú fóònù á máa bá ara wọn fà á. Fóònù tí kò ní ihò 3.5 mm ń fẹ́ adápítà USB-C, ìyẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú àpò. Ẹ mú méjì dání.

Bluetooth? Fún trákì, ó ṣeé fara dà. Ohùn lè pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó jáde, àmọ́ ohun tó ti ara sípíkà jáde náà lẹ ń tẹ̀ lé, kò ní hàn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé èrò á kún, fóònù wọn á gba ojú rédíò 2.4 GHz kan náà, trákì á sì máa já. Máìkì fèrè kò gbọ́dọ̀ gba Bluetooth kọjá láé. Ẹ̀rọ aláìlówáyà tí wọ́n ṣe fún ohun èlò orin ń pẹ́ tó ìdá mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, bí ìgbà tí ẹ kàn sún sẹ́yìn ní mítà kan tàbí méjì. Ẹ fi fóònù sí airplane mode ṣáájú ohun gbogbo. Ìpè kan láàárín orin tó láti ba eré jẹ́.

Máìkì kóńdẹ́ńsà tí wọ́n ń kọ́ sẹ́nu sasofóònù sábà máa ń fẹ́ iná 48 V tó ń gba wáyà máìkì wá, kì í sì í ṣe gbogbo sípíkà alábátìrì ló ní i. Gìtá oní-piezo (agbóhùn kékeré tó wà lábẹ́ okùn rẹ̀) ń fẹ́ ihò Hi-Z, èyí tí wọ́n ṣe fún irú gìtá bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 1 MΩ. Nínú ihò lasán, ohùn rẹ̀ á gbẹ, á tín-ín-rín.

Ní ti sípíkà tó ń hu, nígbà tí ohùn rẹ̀ bá padà wọ inú máìkì, ibi tí ẹ gbé e sí ló máa ń fà á, ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ gbé e síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹnu rẹ̀ ga ju orí àwọn tó jókòó lọ. Máìkì cardioid, irú tó ń gbọ́ iwájú jù, kì í gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà. Ti supercardioid yàtọ̀: ibi tí kò gbọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn, nǹkan bí 125 dígírì sí iwájú rẹ̀, torí náà sípíkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ ṣì ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà lu trákì, tí ìró sì ń kùn hùn-ùn nígbà tó ń gba iná, ẹ yọ ṣájà rẹ̀. Bó bá dákẹ́, DI box tó ní ground lift ló kù, àpótí kékeré tó ń jókòó sáàárín wáyà, tó sì ń já ojú ilẹ̀ inú wáyà ohùn nìkan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì torí kí ariwo lè lọ.

Fèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé dé ibi tó yẹ. Ẹ fọn nóòtì tó le jù, ẹ gbé gain (bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn máìkì ṣe ń wọlé tó) sókè títí iná pupa á fi ṣẹ́jú, kí ẹ dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá gbé trákì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì, tí trákì á ti gba gbogbo àyè kí fèrè tó dé. Ẹ tún mú gbogbo trákì wá sí ìwọ̀n kan náà, bíi -16 LUFS (ìwọ̀n bí etí ṣe ń gbọ́ ariwo odidi orin kan tó), kí ọwọ́ yín má bàa wà lórí fọ́lúmù láàárín orin.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà á, trákì tó wúwo jù náà ni kí ẹ mú lọ, pẹ̀lú wáyà tiyín. Ẹ gbé fọ́lúmù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ rìn dé mítà mẹ́wàá, kí ẹ tẹ́tí sí nóòtì gígùn inú rẹ̀. Kí ẹ tó dá a padà sórí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé àpótí fèrè, ẹ rìn yí yàrá ká lẹ́ẹ̀kan.