Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ yé lẹ kúkà mọ́ kábínẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì yín dára, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kúkà, ìyẹn sítóòfù gáàsì tó ń dá dúró láàárín kábínẹ́ẹ̀tì, lẹ ti máa ń bà á jẹ́.

Àkọ́kọ́, kúkà tí wọ́n pè ní 60 cm lè má pé 60. Ẹ wọn kúkà fúnra rẹ̀. Ẹ wọn àyè tí kúkà máa wọ̀ níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, lókè àti nísàlẹ̀, torí ògiri kì í sábà gún.

Èkejì, ẹ yí ẹsẹ̀ kúkà títí ojú rẹ̀ á fi bá ojú kábínẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi 3 mm ga ju èkejì, ohun tẹ́ ẹ bá fi bo àlàfo àárín méjèèjì á dagun, èérún á máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fa sílíkóònù, gọ́ọ̀mù inú túùbù yẹn, sáàárín kúkà àti kábínẹ́ẹ̀tì? Irin ń fẹ̀ bó bá gbóná, ó ń sún kì bó bá tutù. Bó pẹ́ bó yá, sílíkóònù á ṣí lápá kan, òróró á wọ ibẹ̀, kò ní ṣeé nù mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà gáàsì, kúkà ò ní jáde. Wọ́n á fà á tipátipá, fọ́míkà etí kábínẹ́ẹ̀tì á ká sókè, omi á wọ pákó abẹ́ rẹ̀, pákó á wú bíi búrẹ́dì tó já sómi. Ẹ̀yin ti gbowó lọ nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá pè wá tún un ṣe ló máa jẹ èébú yín. Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ fóòmù tí wọ́n ń fín sínú àlàfo kó wú; iná ń jó o.

Bí àlàfo ẹ̀gbẹ́ kúkà ò bá ju 1 cm lọ, rọ́bà sílíkóònù onírísí T tó ti gan ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti inú túùbù, èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n ooru tó lè gbà sára rẹ̀. Ẹsẹ̀ T á wọnú àlàfo, orí rẹ̀ á jókòó lápá méjèèjì, láìsí gọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti gé e, kí etí tó dán wà níwájú.

Bó bá tó 3 cm sí 5 cm, ẹ gé pákó tó bá ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì mu, kẹ́ ẹ fi síkúrù dè é mọ́ ara kábínẹ́ẹ̀tì láti inú, kó ku 2 mm sí 3 mm kó tó kan kúkà. Etí tẹ́ ẹ gé yẹn, ẹ dí i kí omi má bàa wọ̀ ọ́, kí kúkà tó wọlé.