Kàbà àdìrẹ tí mo fúnra mi ya bátànì rẹ̀

Kàbà tí àwọn ìyá wa máa ń wọ̀ ya fọ́tò láyé ọdún 1960 ló wù mí: kí àyà rẹ̀ fún mọ́ra, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gẹ̀rẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e fún télọ̀. Télọ̀ wo? Èyí tó máa gbé e pamọ́ títí ọdún á fi kọjá?

Yáàdì 5 àdìrẹ ni mo rà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná, torí aṣọ òwú máa ń súnkì, aró rẹ̀ sì máa ń ṣí.

Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fi ya bátànì, ìyẹn àwòrán tí màá tẹ̀lé gé aṣọ. Ibi ìgbànú mi jẹ́ íńṣì 30. Òbìrípo ni ìsàlẹ̀ kàbà náà, torí náà ẹ fi 6.28 (3.14 lọ́nà méjì) pín in, ó kù díẹ̀ kó pé íńṣì 5: ìyẹn ni láti àárín òbìrípo náà dé ibi ìgbànú. Láti igun bébà ni mo ti wọn ìyẹn, mo ń yí téèpù lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì tò ó, títí ó fi tẹ̀ kọrọdọ.

Síìpù kò yọ mí lẹ́nu. Etí ìsàlẹ̀ ló gba sùúrù: ẹ fi aṣọ náà kọ́ mọ́jú kí ẹ tó ká a, torí ibi tí a gé tí kò bá òwú aṣọ lọ tààrà máa ń fà wálẹ̀.

Mo fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kàbà tí kò lápò, níbo la fẹ́ ki fóònù sí?