Alárù Tó Ní Ère ní Albany

Ẹni tó bá ń gbé Albany, olú ìlú ìpínlẹ̀ New York, kò lè ṣe kó má gba Henry Johnson Boulevard. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé wà nínú ọkọ̀ mi nígbà tá a débẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gómìnà wo nìyẹn?" Mo ní alárù ni. Ó rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má bá a wí: nílé wa, ta ní ń sọ títì lórúkọ alárù?

Mo kúkú wà á lọ sí Washington Park kó lọ fojú ara rẹ̀ rí ère ọkùnrin náà. Kì í ṣe géńdé tó dúró gbọingbọin bíi Ṣójà Ìdúmọ̀tà o. Láti àyà lọ sókè ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n Ṣójà Ìdúmọ̀tà ò lórúkọ, èyí ní.

Ẹrù èrò ni Johnson ń gbé ní Union Station, ilé rélùwéè àtijọ́ tó ṣì wà ní Broadway. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọṣẹ́ ológun, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó wá di 369th. Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn funfun jà pọ̀, ni wọ́n bá fà wọ́n lé Faransé lọ́wọ́.

Lóru ọjọ́ kan ní àárín oṣù Karùn-ún 1918, òun àti Needham Roberts ń ṣọ́nà nígbà táwọn ọmọ ogun Jámánì yọ sí wọn, ó kéré tán méjìlá. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù tán. Ìbọn há. Johnson yí ìbọn po, ó ń fi ìdí rẹ̀ lù wọ́n títí ìdí náà fi fọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti ń wọ́ Roberts lọ. Ló bá fa ọ̀bẹ bolo yọ, ọ̀bẹ tó wúwo bí àdá, ó sì já ẹnì kejì rẹ̀ gbà. Ọgbẹ́ 21 ló gbà lóru náà. Faransé ò fi falẹ̀, wọ́n fún un ní Croix de Guerre, àmì ẹ̀yẹ akọni lójú ogun.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ pe èèyàn wá sẹ́nu iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kankan. Kò sọ́gbẹ́ nínú ìwé, kò sówó ọgbẹ́. Ẹni tí ìwé kan ṣoṣo ti dá lọ́wọ́ kọ́ rí nílùú òyìnbó yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ó kú ní 1929.

1991 ni wọ́n gbé ère yìí kalẹ̀, ohun tó wù mí jù nìyẹn. Purple Heart, ẹ̀tọ́ ṣójà tó fara gbọgbẹ́, ò dé títí di 1996. Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù ní Amẹ́ríkà, di 2015, láyé Obama. Albany ti ń kí i kí Washington tó ta jí.

Ní 2023 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò ti Fort Polk, bárékè kan ní Louisiana. Ní 2025 wọ́n tún dá a padà sí Polk.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní yí orúkọ títì yìí náà padà?"

Mo ní kó lọ dá a lábàá fáwọn àgbà Arbor Hill, àdúgbò tí títì náà gbà kọjá, kó wá jábọ̀ fún mi.