Ohun tí gángan wí

Láàárọ̀ yìí, mo wọ Micra ní Ìwó Road, mo ń lọ sí Dùgbẹ̀. Àpàlà àtijọ́ ni dírẹ́bà fi sí i, irú èyí tí èèyàn ṣì ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ha àwo lábẹ́ orin. Kì í ṣe Hárúnà Ìṣọ̀lá, mo mọ ohùn tirẹ̀. N kò mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọlẹ̀ tí gángan dá sọ̀rọ̀, omi ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Má sùn, ọmọ mi, má sùn.

Ohun tí bàámi sọ pé ìlù yẹn ń wí nìyẹn. N kò tíì ju ọmọ ọdún 6 tàbí 7 lọ. Màámi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ti ọjà dé, èmi àti bàámi á jókòó ti giramafóònù wọn tó ń lo bátìrì, àtùpà á wà lórí tábìlì. Tí orí mi bá ti ń fì, wọ́n á fi ìka kàn mí léjìká: "O ò gbọ́ ni? Ìwọ ni wọ́n ń bá wí." Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé onígángan kan wà níbì kan tó ń rí mi bí mo ṣe ń tòògbé.

Wọ́n tún máa ń ka àwọn olórin wọn tó ti lọ: Yusuf Ọlátúnjí onísákárà, 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà, 1980, Hárúnà, 1983. Ọdún 5 péré. Wọ́n á kà wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ àbúrò tó kú, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á dákẹ́. Kò yé mi nígbà yẹn. Ó yé mi báyìí.

Mo bi dírẹ́bà, àgbàlagbà ni: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni gángan yẹn ń wí?"

Wọn ò tilẹ̀ ronú. "Ó ní, 'Ó dùn, orin mi, ó dùn.' Orin ara wọn ni wọ́n ń yìn."

Mo fi ẹnu sọ méjèèjì wò. Ohùn kan náà ni, kò yẹ̀ síbì kankan. Gángan kò kúkú ní ju ohùn lọ, ẹni tó ń gbọ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ti dírẹ́bà ló jọ òótọ́. Olórin wo ló máa lọ gba àwo sílẹ̀ kó máa sọ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí pé kó má sùn? Bàámi ló wá ọ̀rọ̀ tó bá ìlù mu, tí wọ́n fi ṣe tèmi, wọn ò sì jẹ́wọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọdún 11 rèé. Fọ́tò wọn wà, fìlà wọn wà. Kò sẹ́ni tó gba ohùn wọn sílẹ̀ rí, ó sì máa ń dùn mí dé ọkàn.

Ní Dùgbẹ̀, àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀. Mo sanwó, mo bẹ dírẹ́bà pé kí wọ́n jẹ́ kí orin náà parí. Wọ́n wò mí nínú dígí, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Gángan tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tán. Ti bàámi ni mo gbọ́.