Ẹyẹ Ọ̀kín Nídìí Télọ̀

Ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ èyí, fóònù wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Kì í ṣe pé kò sí àga ní ṣọ́ọ̀bù o. Ìyàwó mi tilẹ̀ gbé ìrọ̀rí méjì wá láti ilé, ó tò wọ́n léra, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra bà lé e." Mo wo ìrọ̀rí, ìrọ̀rí wò mí, mo ní kó máa gbé e lọ. Láti Sátidé, èmi àti ìjókòó ti kọ ara wa sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí fídíò èmi àti ẹṣin, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí i, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Bọ̀dá wa kan ló fẹ́ jẹ oyè. Ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni pé ó ní àwa mẹ́fà la máa gẹṣin tẹ̀lé òun láti agbo ilé wọn dé ààfin. Ó wá bèèrè pé ta ló mọ ẹṣin gùn nínú wa. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ là. Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ ní ẹṣin gígùn? Mo ní ẹṣin làwọn baba wa fi jagun títí dé Dàhòmì, mo ka àádọ́rin Èṣọ́, àwọn akọni ogun Ọ̀yọ́, bí ẹni pé èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá àgbà kan tó jókòó sígun kò gbójú sókè tó fi sọ pé, "Télọ̀, mo mọ baba tó bí ẹ. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Kò sì mọ̀ ọ́n gùn."

Ohun tí mo fò nínú ìtàn mi ni pé ríra làwọn Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin wọn láti òkè Ọya, torí eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin gbádùn nínú igbó níhìn-ín. Mo sì fò ti ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, níbi táwọn Ìbàdàn, tí ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn, ti ṣe àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú. Ìtàn tó bá máa bu agẹṣin kù, mi ò ní i lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Bọ̀dá ní ẹ̀rù ń ba òun, kí gbogbo wa lọ kọ́ ọ. Ó bá Màlámù kan sọ̀rọ̀ ní Ṣábó, ó sanwó ọjọ́ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan péré ni mo lò nínú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣòkòtò, torí ṣòkòtò ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nídìí máṣíìnì, láti ọjọ́ tí mo sì ti gba fírídọ̀mù ni mo ti ń fi kẹ̀ǹbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àgbàlagbà bá kó aṣọ wá pé kí n rán kẹ̀ǹbẹ̀ fún òun, mo máa ń bi í pé àpò ìrẹsì mélòó ló fẹ́ kó sínú rẹ̀. Èmi, ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan ni mo mọ̀ mí sí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin, mo gé funfun kan, mo rán an lóru, mo lọ̀ ọ́ títí ojú irin fi là á bí abẹ. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ lè tẹ̀ nínú èyí?" Mo tẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ṣé o rí i?" Ó ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ohun tí mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa gbọ́ tó bá yá.

A dé pápá láàárọ̀ Sátidé, èmi àti ọmọṣẹ́ mi, tó ní òun ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Màlámù fa ẹṣin jáde. Mo ti rí ẹṣin rí o, níjọ́ ọdún, lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá rí ẹṣin lọ́ọ̀ọ́kán kò tíì rí ẹṣin. Nígbà tó dúró tì mí, ẹ̀yìn rẹ̀ bá àgbọ̀n mi dọ́gba, orí rẹ̀ nìkan tó ọmọ mi tó wà ní prámárì kẹta. Màlámù ń pè é pé, "Dókí! Dókí!" Èmi náà bá kí i bí ọmọlúàbí pé, "Dókí, ẹ káàárọ̀ o." Odindi wákàtí kan ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ kí ọmọ kékeré kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sọ fún mi pé ẹṣin ni wọ́n ń pè ní dókí ní Hausa. Àṣé láti àárọ̀, "Ẹṣin, ẹ káàárọ̀ o" ni mo ń sọ.

Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ gbà lọ bá a. Màlámù pariwo. Ṣábó ni wọ́n bí i, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ó ní, "Ọ̀gá Télà, ṣé ìpàkọ́ yín lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ níbí ni?" Ó ní ẹ̀gbẹ́ orí lojú ẹṣin wà, kì í rí ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ohun tó wà níwájú imú rẹ̀ gan-an. Apá ibi èjìká ni kí n gbà, kí n máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí mo bá ń bọ̀, kó lè mọ̀ pé èèyàn ni. Bó bá ká etí sẹ́yìn pẹlẹbẹ, kí n sún. Mo wo bàtà mi, Màlámù náà wò ó: sáńdà aláwọ, pẹlẹbẹ, kò ní gìgísẹ̀ kankan. Ó mi orí. Ó bèèrè akoto ọ̀kadà tó ní kí gbogbo wa mú dání. Mo fi fìlà mi hàn án.

Ó wá kan gàárì. Màlámù gbé e lé e, ó fa ọ̀já rẹ̀ gba abẹ́ ikùn ẹṣin, ó fà á le. Ó ní ká fà á rìn kiri díẹ̀, lẹ́yìn náà kóun tún ọ̀já náà fà. Mo ní kí ló dé? Ó ní ẹṣin ọlọ́gbọ́n ni èyí, bí wọ́n bá ti ń dì í nígbàmú, á fẹ ikùn. Bó bá rìn díẹ̀, á mí, ikùn á sì padà, ọ̀já á dẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí èmi nínú gbogbo ọmọ aráyé mọ ìwà yìí! Ta ni wọ́n ń ṣe é fún bí kò ṣe télọ̀? Oníbàárà á dúró níwájú mi, bí mo bá ti mú téèpù, á fa ikùn mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Kò ní mí. Ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Mo kọ 34 sílẹ̀. Níjọ́ tó bá wá gba aṣọ, ikùn ti dé láti ìrìn àjò, ó ti di 38, ó ní mo ba aṣọ òun jẹ́, ó ní ẹni tó ń rán aṣọ fún òun n'Íbàdàn kì í ṣe báyìí. Bùrọ̀dá, kí ni mo fi ba aṣọ yín jẹ́? Èémí tẹ́ ẹ gbé pamọ́ ni mo rán! Àwọn ìyá ìyàwó ló tún burú jù. Ìyá ìyàwó kan fa ikùn fún mi lọ́dún tó kọjá, ó fà á títí òòyì fi kọ́ ọ, àga ṣọ́ọ̀bù ni mo fi gbé e.

Ẹṣin yìí ní tirẹ̀, ó fẹ ikùn ni. Ó sàn ju oníbàárà lọ, ó kéré tán ààyè ṣẹ́ kù. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún Màlámù? Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Ohun tí wọ́n bá ti wọ̀n, wọ́n ti wọ̀n ọ́n nìyẹn." Èmi!

Apá òsì ni wọ́n ń gbà gun ẹṣin. Irin tí wọ́n ń tẹsẹ̀ bọ̀ wà níbẹ̀, mo bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yẹn gùn ún, ìrù ló máa kọjú sí. Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yìn lẹ fẹ́ lọ ni?" Mo yọ ọ́, mo ti òsì bọ̀. Màlámù ní iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kó wọlé, kí gìgísẹ̀ wà nísàlẹ̀, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há sínú irin, bó bá ṣubú, ẹṣin á máa wọ́ ọ lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá ẹ̀yìn ẹṣin. Ṣòkòtò dún, fàà, kékeré. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí mo wà lókè tán, ìgbéraga ṣe bẹbẹ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo rí orí òrùlé. Mo rí àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Akẹ̀sán bọ̀, mo gbọ́wọ́ sí wọn bí Aláàfin. Ẹṣin wá gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀rù bà mí, mo fi itan méjèèjì fún un pinpin. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá fún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyẹn, "máa lọ" ló ń wí fún un. Ó lọ. Bó ṣe ń lọ ni mo ń fún un, bí mo ṣe ń fún un ló ń yára, bí ọmọṣẹ́ tuntun tó tẹ pẹ́dà máṣíìnì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò. Màlámù ń ké pé, "Ẹ dẹ itan! Ẹ wo iwájú!" Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo fa ìjánu lápá kan ṣoṣo, ẹṣin yí bírí, ó mí.

Ó mí o. Gbogbo èémí tó kó pamọ́ látàárọ̀ ló tú jáde, gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sábẹ́ ikùn, èmi náà sì ń bá a lọ. Kì í ṣe ìṣubú kíákíá. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí òrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń wọ̀. Ọmọṣẹ́ mi ráyè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ń ṣubú o." Mo ráyè dáhùn pé, "Mo mọ̀." Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, èmi ò tíì gùn ún tán tí ilẹ̀ fi ń pè mí. Sáńdà tí kò ní gìgísẹ̀ yọ́ wọnú irin, ó há. Ẹsẹ̀ kan wà lókè, ẹsẹ̀ kejì ń wá ilẹ̀, ṣòkòtò funfun wà láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ èyí tí ì bá tẹ̀lé. Ó ya. Láti abẹ́ síìpù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tààrà lọ sí ẹ̀yìn títí dé ìgbànú. Ojú rírán mi ọdún méjìlélógún!

Màlámù ti di ẹṣin mú. Ẹṣin dúró jẹ́jẹ́, ó ń jẹ koríko. Ì bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́. Kò sí télọ̀ tó ń ra pátá. Àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́ kù la máa ń rán. Èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, oríṣi aṣọ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, èyí tó sì gba ẹ̀yìn pátápátá jẹ́ àǹkárá aláwọ̀ aró tó ní ẹyẹ ọ̀kín ràgàjì tó na ìyẹ́. Bí mo ṣe wà ní ìdoríkodò, tí mo kọ ìdí sí ojú títì, ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láàárín àwọn tó ń ti ọjà bọ̀:

"Yéè! Ẹyẹ ọ̀kín mi! Ẹyẹ ọ̀kín mi rè é nídìí Bàbá Ìbejì!"

Yáàdì mẹ́fà ló kó wá lóṣù Ẹrẹ́nà. Èmi ni mo sọ fún un, mo tún fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, pé aṣọ náà kò tó ìpèlé.

"Ẹ ní kò tó! Bó ṣe tó ìdí yín rè é!"

Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ò bi mí bóyá mo fara pa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo àwọn tó kù. Ọ̀kan ní pupa ẹ̀gbẹ́ yẹn jọ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò òun. Ọmọṣẹ́ mi, tó mọ ibi tí gbogbo wọn ti wá, ń ya fídíò lọ. Màlámù yọ ẹsẹ̀ mi, ó nà mí dìde, ó ní bẹ́ṣin bá dáni, à tún un gùn ni. Mo ní kí n fi kí ni gùn ún?

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti dojú bolẹ̀, ìyàwó mi ń fi òrí pa itan mi, ó ń rẹ́rìn-ín sínú òrí. Ibi tí ojú rírán abẹ́ itan ti fi mí bó, bí ẹni fi kànrìnkàn ha á ni. Mo mú fóònù, mo ń wo ṣòkòtò àwọn agẹṣin. Irú kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú Jodhpur ní Íńdíà pè. Kí aṣọ tó ń fà tó dé, fífẹ̀ ni wọ́n ń rán ìdí àti itan rẹ̀, á wá lẹ̀ mọ́ ojúgun nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi awọ lé inú orúnkún kó má baà ha ẹsẹ̀. Ìdí ní àyè! Bíi kẹ̀ǹbẹ̀! Gbogbo àgbàlagbà tí mo ti bi léèrè ọ̀rọ̀ àpò ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ òní. Ìyá ẹlẹ́yẹ ọ̀kín ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kí n tó dé. Ó ní òun ò fẹ́ ìjà, òun ò sì fẹ́ aṣọ náà mọ́, kí n ṣáà san owó yáàdì kan. Mo sanwó, ó kí mi kú ìrora, ó ń lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni ẹlòmíràn wọlé, ó di fóònù mú, ó ti fa àwòrán ìdí mi tóbi títí ó fi kún ojú fóònù, ó fi ìka kan apá òsì rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Léèsì tèmi ńkọ́?"