Bí Ẹ Bá Fẹ́ Wo Àdán ní Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀

Láti Iléṣà, ọ̀nà dé Ifẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ẹ ní kí dírẹ́bà já yín sí gétì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ẹ sì ti wà nínú ọgbà kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àdán ò dúró de àlejò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á ti tẹ̀ lé èso lọ sí òkè Ọya. Tí ẹ ò bá mọ igi wọn, imú yín á júwe rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kún fún ìgbẹ́ àti háhá èso tí wọ́n fún omi rẹ̀ mu tí wọ́n tu dànù. Ẹ dé fìlà, ẹ má sì yanu wòkè.

Eléyìí kì í ṣe òòbẹ̀ inú àjà tó ń jẹ kòkòrò. Èso ni tirẹ̀, bó bá sì na apá méjèèjì, ó lè tó 75 sẹ̀ntímítà. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igi, ti kà á mọ́ àwọn ẹran tó ń sún mọ́ ewu àkúrun, ìbọn àti igi gígé ló sì fà á jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ń bí lọ́dún, àyà ló ń gbé e mọ́. Bí wọ́n bá fi òkò lé wọn dìde lọ́sàn-án, ọmọ á já bọ́. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé e o. Ní 1956, ara irú àdán yìí ní Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan tó bá ti dìgbòlugi tan. Bó bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ọsibítù lọ.

Kíkà wọn ló gba ọgbọ́n. Ẹ yí igi náà ká, kí oníkálùkù mú apá ojú ọ̀run kan. Bí wọ́n bá ti ń fò jáde nírọ̀lẹ́, ẹ ka èyí tó bá kọjá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ tún kà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà ẹ sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Bí wọ́n bá ṣù, ẹ kà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ yọ àwọn tó jáde tó tún ṣẹ́rí padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó kẹ́yìn kì í hàn nínú òkùnkùn, nítorí náà iye yín á dín sí òótọ́.

Àwọn tó ní kí wọ́n gé igi náà nítorí òórùn ń ṣe wàhálà lásán ni: igi aládùúgbò ni àdán á bà lé. Bẹ́ẹ̀ àdán yìí ló ń jẹ èso ìrókò níbì kan tó ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ̀ka tí àdán bá wó ni kí wọ́n gé, nígbà òjò tí àdán bá ti ṣí lọ, kí wọ́n sì gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí kúrò lábẹ́ rẹ̀.