Gáùn Mẹ́rin Tí Mi Ò Wọ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Aṣọ Oúnjẹ Alẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó mi sí i. Àwọn ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun nínú ẹbí wa, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọjọ́ méje lórí omi, wọn ò bi mí ibi tí à ń lọ, wọn ò bi mí ìgbà tí a máa dé. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Gáùn gígùn mélòó lo ní?" Mo ní méjì ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ebi ló máa pa yín lọ́hùn-ún." Bí mo ṣe lọ rán méjì mọ́ ọn nìyẹn. Ọkọ mi náà gbé kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì labalábá sínú àpótí, bíi pé ààrẹ ló fẹ́ lọ kí.

Nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí alẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ká múra lọ́nà àrà. Ṣòkòtò gígùn àti ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn ni àwọn ọkùnrin wọ̀ wá jẹun, àwọn obìnrin wọ irú aṣọ téèyàn ń wọ̀ lọ sí ilé oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Gáùn mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún odidi òru méje. Bí ọkọ̀ bá ti ń mì lóru, màá máa gbọ́ bí àwọn háńgà ṣe ń kan ara wọn, kò-kò-kò, bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí a máa lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́n àgbọ́njù. Mo ní kò sẹ́ni tó máa tún fi ọ̀rọ̀ gáùn dẹ́rù bà mí. Mo di aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ mi di ṣòkòtò péńpé àti ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, ó fi ṣòkòtò gígùn méjì lé e. A mọ̀ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni ọkọ̀ náà. Ohun tí a ò rò ni pé òfin tiwọn lè yàtọ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun ńlá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tó wọ̀ wọnú ọkọ̀ láàárọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wa dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo gbà. Àmọ́ èwo ni kó lọ fi pààrọ̀? Àpótí wa ò tíì dé yàrá.

Èyí ni nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Tí ẹ bá dé èbúté, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fa àpótí ńlá yín wọnú ọkọ̀. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá yín lára rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa pín in láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni, ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ìgbà mìíràn, ẹ ó ti jẹun alẹ́ tán kí àpótí tó dé. Nítorí náà, aṣọ tí ẹ máa fi jẹun lálẹ́ àkọ́kọ́, inú báàgì ọwọ́ ló ń gbé, pẹ̀lú oògùn yín. Kò ní jẹ́ aṣọ tó le. Wọn kì í sábà fi alẹ́ ìmúra ńlá sí ọjọ́ àkọ́kọ́, torí àwọn náà mọ̀ pé àpótí ò tíì dé. Ṣòkòtò gígùn kan àti ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ti tó. Òun náà ni ọkọ mi ò ní lálẹ́ yẹn.

Alẹ́ ìmúra ńlá wá bọ́ sí alẹ́ kẹta, ọjọ́ tí ọkọ̀ ò yà sí èbúté kankan. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yàn, kí ẹni tó ti rìn káàkiri ìlú nínú oòrùn má baà tún máa sáré wá de táì. A jókòó lẹ́bàá àtẹ̀gùn, à ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ tó ń dán, àwọn ayàfọ́tò ń tò wọ́n síwájú aṣọ ńlá tí wọ́n gbé kọ́ bí ọkọ àti ìyàwó tuntun. Èmi wọ síkẹ́ẹ̀tì òwú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo rántí gáùn mẹ́rin tó wà nílé.

Ebi ò pa wá ṣá. A gòkè lọ sí ibi búfẹ̀, a jẹ àjẹyó, kò sẹ́ni tó wo aṣọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́ o. Ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n ń sọ, ní ìgbà tiwọn.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kò sí òfin aṣọ kan tó kárí gbogbo ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà. Cunard wà lára àwọn tó ṣì di ìmúra àtijọ́ mú gírígírí. Queen Mary 2, ọkọ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, sábà máa ń lo òru méje láti Southampton dé New York, wọ́n sì máa ń ya àwọn alẹ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gala Evening. Lálẹ́ bẹ́ẹ̀, kóòtù dúdú àti táì labalábá ni wọ́n ń retí lára ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé súùtù dúdú pẹ̀lú táì gígùn náà kọjá; gáùn tàbí aṣọ ìròde mìíràn tó gbayì ni ti obìnrin. Aṣọ ìbílẹ̀ ẹni náà wọlé, bó bá ti jẹ́ èyí téèyàn ń wọ̀ lọ sóde pàtàkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ múra, wọn ò ní tì í mọ́ yàrá, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tí àyè rẹ̀ mọ lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ibi búfẹ̀.

Ẹ wá wo Norwegian Cruise Line. Láti 2000 ni wọ́n ti gbé ohun tí wọ́n pè ní Freestyle Cruising jáde, ìmúra ńlá ò sì jẹ́ dandan lálẹ́ kankan. Viking náà ò ní alẹ́ ìmúra ńlá. Celebrity ní tiwọn, ṣùgbọ́n láti 2015 ni wọ́n ti fi orúkọ tuntun, Evening Chic, rọ́pò alẹ́ formal, wọ́n sì dẹ òfin rẹ̀ díẹ̀. Carnival ń ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́: ìrìn àjò ọjọ́ 2 sí 5 ní alẹ́ Cruise Elegant kan, ìyẹn alẹ́ ìmúra tiwọn, èyí tó bá tó ọjọ́ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní méjì, alẹ́ tó kù, Cruise Casual, ti aṣọ jẹ́jẹ́, ni. Virgin Voyages ò ní òfin aṣọ tó le rárá, àmọ́ wọ́n ní alẹ́ kan, Scarlet Night, tí èrò ọkọ̀ máa ń wọ pupa. Ẹ lè wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó bá wù yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá yàtọ̀ nínú fọ́tò.

Kí ẹ tó ra òwú kan, ẹ wá ojú ewé òfin aṣọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ gan-an, kì í ṣe ti ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín wọ̀. Tí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀, ẹ wo ètò ọjọ́ náà, bóyá ìwé tí wọ́n fi sí yàrá yín ni o, bóyá orí áàpù inú fóònù ni. Ó sábà máa ń kọ irú aṣọ alẹ́ ọjọ́ náà síbẹ̀. Àwa ò kà á títí di alẹ́ kẹta.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò náà lè tan èèyàn jẹ. Bí wọ́n bá kọ "casual", ọkọ mi gbà pé ohun tó wà lára rẹ̀ létí omi ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìwẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, fìlà olójú gígùn àti sálúbàtà etíkun kì í sábà wọ yàrá ìjẹun ńlá, bó ti wù kí alẹ́ náà rọrùn tó. Ti ṣòkòtò péńpé, àwọn kan gbà á, àwọn kan ò gbà á, àwa sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò gbà á. Jíǹsì tí kò ya, tí kò ṣá, sábà máa ń lọ lálẹ́ jẹ́jẹ́. "Smart casual" ni pé kí ọkùnrin wọ ṣòkòtò gígùn àti ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, kí obìnrin wọ gáùn jẹ́jẹ́ tàbí búláòsì pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì. "Formal" nìkan ló ń béèrè kóòtù àti táì.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà tí wọ́n fi wá sídìí tábìlì kan náà nínú ọkọ̀ kejì yẹn. Ìrìn àjò wọn kọjá ohun tí wọ́n lè kà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Ojú ń tì mí torí mo ti wọ búláòsì kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń tọrọ àforíjì láìsí ẹni tó bi mí. Wọ́n ní, "Kí ni mo wọ̀ lánàá?" Mo ronú títí. Mi ò mọ̀. Gáùn dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí kì í rún. Alẹ́ kan wọ́n fi ìborùn pupa lé e, alẹ́ kejì wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, alẹ́ ìmúra ńlá wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán lé e lórí. Ojoojúmọ́ ni mo ti ń yìn wọ́n pé aṣọ wọn pọ̀.

Ẹ̀dà tiwọn ni mo ń dì báyìí. Gáùn dúdú kan, ṣòkòtò dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kan, búláòsì mẹ́ta, ìborùn méjì. Ọkọ mi ń di ṣòkòtò gígùn méjì, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn mẹ́ta, jákẹ́ẹ̀tì kan àti táì kan. Ó tó fún òru méje, bí alẹ́ ìmúra bá wà, bí kò bá sì sí.

Ìborùn náà kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìjẹun máa ń tutù bíi yìnyín, pàápàá fún ẹni tí oòrùn ti jó láti àárọ̀. Lálẹ́ kejì, nápkíìnì ni mo fi bo apá.

Bàtà ńkọ́? Mo gbé bàtà gogoro dání nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yàrá ìjẹun wa wà, iwájú àti ẹ̀yìn ló sì máa ń mì ju àárín lọ. Òkun ru díẹ̀ lálẹ́ yẹn. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ọmọkùnrin kékeré kan sì kọjá lára mi ní eré. Láti ọjọ́ náà, bàtà pẹlẹbẹ tàbí èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó sì fẹ̀, ni mò ń wọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ fẹ́ atẹ́gùn níta lẹ́yìn oúnjẹ, síkẹ́ẹ̀tì fẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ yẹn máa dójú tì yín. Atẹ́gùn orí òkun kì í ṣe eré.

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nílé. Wọn kì í gbà á nínú yàrá nítorí iná, ẹ̀rọ tó ń fi ooru na aṣọ náà sì bá a lọ. Tí wọ́n bá rí i nínú ẹrù yín, wọ́n á gbà á, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Àwọn ọkọ̀ kan, bíi ti Cunard àti Princess, ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ẹ lè sanwó kí wọ́n bá yín lọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ ṣe bíi tèmi: mo máa ń fi aṣọ kọ́ sí ilé ìwẹ̀ nígbà tí mo bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀, èéfín omi á tú púpọ̀ nínú rírún rẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ lára aṣọ ọ̀gbọ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀, ẹ má dì í rárá.

Ó ku alẹ́ ìkẹyìn. Aṣọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ lálẹ́ yẹn, torí ẹ gbọ́dọ̀ di àpótí kí ẹ sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ lóru, ó di èbúté kí ẹ tó tún rí i. Ẹ yọ aṣọ àárọ̀ ọ̀la sílẹ̀ kí ẹ tó ti àpótí. Mo rán ọkọ mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Láàárọ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, háńgà nìkan ló bá níbẹ̀. Ohun tó kù ní gbogbo yàrá tó lè wọ̀ ni ṣòkòtò péńpé tó fi sùn, ọ̀kan náà tí wọ́n fi dá a padà lálẹ́ àkọ́kọ́. Òtútù ń mú ní èbúté yẹn, òjò sì ń kùn. Bí a ṣe ń tò jáde, ọ̀dọ́kùnrin ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun ló dúró síbẹ̀ tó ń dágbére fún èrò. Ó wo ojú ọkọ mi, ó wo ṣòkòtò náà, ó dá a mọ̀. Ó ní, "Láàárọ̀, sà, a gbà á láyè."